Orin Tí A Ní Kò Ní Olóhun

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn: bí kò bá fún un lápá, a ṣò ó lọ́rùn. Òwe yìí tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Lórí ọ̀rọ̀ orin, n kò gbà pé ó tọ̀nà. Orin àgbàbọ̀ a máa yẹ ẹni tó gbà á bọ̀. Nígbà mìíràn, a tilẹ̀ yẹ ẹ́ ju ẹni tó kọ́kọ́ rán an lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro sì wà. Aṣọ àgbàbọ̀ tí kò bá ni mu ń rán ni létí ní gbogbo ìgbà pé ti ẹlòmíràn ni. Orin àgbàbọ̀ tó bá ni mu kì í rán ni létí ohunkóhun.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: bí a bá gbọ́ orin kan, tí wọ́n sì wí fún wa pé orin ìbílẹ̀ ni, pé kò sí ẹni tó mọ ẹni tó dá a, ǹjẹ́ a jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè nígbà tí a bá kọ ọ́, tí a fi pa owó, tí a sì fi gba orúkọ? Kí ọ̀rọ̀ náà má baà dà bí àlọ́ lásán, n ó gbé e ka orí àwo orin kan tí gbogbo ayé mọ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà ni Paul Simon àti Art Garfunkel. Ọdún kan náà, 1941, ni a bí wọn. Àdúgbò kan náà ni wọ́n sì ti dàgbà ní Queens, ní ìlú New York. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pọ̀, wọn kò sì tíì pé ogún ọdún nígbà tí orin wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1957. Irú orin tí wọ́n wá fi lókìkí ni èyí tí a ń pè ní fóòkì-rọ́ọ̀kì: orin onígìtá tí a kọ ní ohùn pẹ̀lẹ́ bí orin ìbílẹ̀, tí a wá fi ìlù àti gìtá oníná gbè lẹ́sẹ̀. Simon ni ó ń ronú orin tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Garfunkel ni ó ní ohùn tó ga, tó sì mọ́ gaara bí omi orísun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè; ohun tí ọ̀kan kò ní, èkejì ní in.

Àwo márùn-ún ni àwọn méjèèjì ṣe ní sítúdíò. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, Bridge over Troubled Water, jáde ní oṣù kìíní ọdún 1970. Orin mọ́kànlá ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1971, ó gba ẹ̀bùn Grammy gẹ́gẹ́ bí àwo tó ta yọ jù lọ nínú ọdún, ṣùgbọ́n nígbà tí wọn yóò fi gba ẹ̀bùn náà, àwọn ọ̀rẹ́ méjì ti pínyà. Orin méjì péré ni mo fẹ́ mú nínú mọ́kànlá náà. Bí ẹ bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i pé ìbéèrè wa ti wà nínú àwo yìí láti ọjọ́ tó ti jáde.

Orin kejì nínú àwo náà ń jẹ́ El Condor Pasa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ohùn fèrè rẹ̀, ìbáà ṣe pé a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1965, Simon wà ní Paris, níbi tí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹgbẹ́ olórin kan tí ń jẹ́ Los Incas. Orin àwọn ará òkè Andes, ní gúúsù Amẹ́ríkà, ni àwọn olórin wọ̀nyí máa ń kọ. Simon gbà gbọ́ pé orin ìbílẹ̀ ni, orin tí a jogún láti ayébáyé, tí a kò mọ ẹni tó dá a. Nígbà tí àkókò àwo náà tó, ó mú ohun èlò orin tí Los Incas ti gbà sílẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí, orin náà sì di ti gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n orin náà ní ẹni tó ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ni Daniel Alomía Robles, ọmọ ilẹ̀ Perú. Ní 1913 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀ ní Lima, eré orí ìtàgé olórin irú èyí tí àwọn ará Spéìnì ń pè ní zarzuela. Julio Baudouin ni ó kọ ọ̀rọ̀ eré náà, Robles ni ó ṣe orin rẹ̀. Ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wa kùsà lórí òkè ni eré náà sọ, àti ìyà tí àwọn àjèjì tí wọ́n ni ibi ìwakùsà náà fi ń jẹ wọ́n. Ẹyẹ ńlá tí ń jẹ́ kóńdọ̀ tó kọjá lójú ọ̀run níbẹ̀ dúró fún òmìnira. Robles ti kú ní 1942, kò sì mọ̀ rárá pé orin rẹ̀ yóò dé ibi tó dé. Ọmọ rẹ̀, Armando Robles Godoy, tó jẹ́ olùdarí fíìmù, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní 1970. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ọmọ olóògbé fúnra rẹ̀ gbà pé àṣìmọ̀ ni, wọ́n sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ sí i.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn: àṣìṣe ṣẹlẹ̀, wọ́n tún un ṣe, kí ni a tún ń wá? Mo gbà pé kò yẹ kí a pe Simon ní olè. Olè mọ̀ pé ohun tí òun mú kì í ṣe ti òun. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Bí mo bá ra ewúrẹ́ ní ọjà ní ọ̀sán gangan, tí mo san owó rẹ̀ pé, tí olóhun sì wá fi àmì etí rẹ̀ hàn mí lọ́la, kò sí ẹni tí yóò pè mí ní olè. Síbẹ̀, ewúrẹ́ náà kì í ṣe tèmi. Àìmọ̀ mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́rùn mi. Kò mú gbèsè kúrò. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀bi àti gbèsè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àríyànjiyàn tí a ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ àṣà ni ìbá ti rọlẹ̀ bí a bá mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí ẹni tí a bá kọ́kọ́ pè ní olè kò ní í dúró gbọ́ pé ó jẹ gbèsè.

Ìbéèrè tó le jù bẹ́ẹ̀ ṣì ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé kò sí Robles kankan. Ká ní orin náà jẹ́ ti àwọn ará òkè Andes lóòótọ́, láìsí orúkọ ẹnìkan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí, ǹjẹ́ gbèsè kò ní í sí nígbà náà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé kò ní í sí, nítorí pé ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn yìí ni mo fẹ́ tako, nítorí pé àwa tí a bí sí ilẹ̀ yìí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. A mọ ohun tí ilẹ̀ ẹbí jẹ́. Ọmọ ẹbí lè dá oko lórí rẹ̀, ó lè kórè, ó lè ta irè oko rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ta ilẹ̀ náà, kò sì lè sọ pé òun nìkan ni òun ni ín. Àlejò pàápàá lè dá oko níbẹ̀ bí ó bá tọ olórí ẹbí lọ, tí ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í sábà pọ̀: iṣu díẹ̀, tàbí ohun tí apá bá ká. Ohun tí ó ń sọ ni ó ṣe pàtàkì. Ó ń sọ pé, "Mo mọ̀ pé ẹ wà níbí kí n tó dé." Nítorí náà, ohun tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí ní olóhun ju ohun tó jẹ́ ti ẹnìkan lọ. Àlejò tó bá wí pé ilẹ̀ kò ní olóhun kìkì nítorí pé kò rí orúkọ ẹnìkan lórí rẹ̀, àlejò náà kò tíì bèèrè ni.

Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ta ko ara rẹ̀. Ẹni tó wí pé orin ìbílẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé, tí ó sì wá kọ orúkọ ara rẹ̀ nìkan sí i lábẹ́, ti tako ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti gbogbo ayé lóòótọ́, báwo ni ó ṣe di tirẹ̀?

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ inú wa yóò fi dá mi lóhùn, nítorí pé wọ́n ti fi dá mi lóhùn rí. Wọ́n á ní orin kì í ṣe ewúrẹ́, orin kì í sì í ṣe ilẹ̀. Bí a bá mú ewúrẹ́ lọ, okùn nìkan ni yóò kù lọ́wọ́ olóhun. Bí a bá kọ orin ẹlòmíràn, orin náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Iná fìtílà kan lè tan ọgọ́rùn-ún fìtílà, kò sì ní í dín kù. Wọ́n á tún ní Robles fúnra rẹ̀ rin àwọn abúlé òkè Andes, ó gbọ́ orin àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran, ó sì ti inú ohun tó gbọ́ ṣe tirẹ̀. Ta ni yóò san gbèsè tí òun náà jẹ? Bí a bá ní kí gbogbo olórin wá orísun orin rẹ̀ títí dé ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé, ẹnikẹ́ni kò ní í lanu kọrin mọ́.

Àtakò yìí lágbára, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òótọ́ ni pé ohùn orin kì í dín kù. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà lára orin tó lè sọnù: orúkọ àti ìtàn. Ẹ padà sí orin fèrè yẹn. Nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Simon kọ, kò sí awakùsà, kò sí ọ̀gá àjèjì, kò sí ìyà. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, n kò sì ní kó má kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ aráyé tó ń fi ẹnu tẹ̀ lé ohùn fèrè náà kò mọ̀ pé láti inú ẹ̀dùn àwọn òṣìṣẹ́ kan ni ó ti wá. Ohun tí eré orí ìtàgé ti 1913 fẹ́ kí ayé gbọ́ ni ayé kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ sì wà létí gbogbo ènìyàn. Fìtílà kò dín kù lóòótọ́. Yàrá tí a kọ́kọ́ tàn án sí ni ó ṣókùnkùn.

Ní ti àtakò kejì, pé orísun kò lópin: ẹnikẹ́ni kò ní kí a dé òpin rẹ̀. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí olúkúlùkù dárúkọ ẹni tí òun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí òun mọ̀. Àṣà wa ti yanjú ìṣòro yìí kí ilé ẹjọ́ tó wà. Ẹsẹ Ifá kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láìdárúkọ babaláwo tó dífá àti ẹni tí a dífá fún. Ní Kétu, tí a mọ̀ sí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, olórin Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣàdédé bú sí orin ní òru. Ìbà ni yóò kọ́kọ́ jú: ìbà àwọn ìyá wa, ìbà àwọn tó ti ṣe é rí, ìbà ẹni tó kọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá lo òmìnira rẹ̀, tí yóò dá orin tuntun, tí yóò bú ẹni tó yẹ ní bíbú. Ìbà kò dè é lẹ́nu. Ó ń sọ fún àwọn tó ń gbọ́ pé ibì kan ni orin òun ti wá. Ní 2001, nígbà tí UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun ìní ńlá tí aráyé ń fi ẹnu jogún, orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ni a kọ pọ̀ sí i. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà nítorí pé a dárúkọ wa. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn pé a dárúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí ó ti ń rí lára ẹni tí a kò dárúkọ.

Èyí ni ó mú mi dé orí orin kejì, orin tí àwo náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Simon ni ó kọ ọ́. Garfunkel ni ó kọ ọ́ jáde lẹ́nu, òun nìkan, dùrù sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é níwájú àwọn ènìyàn, Garfunkel ni yóò dúró ní àárín ìmọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn yóò dìde, wọn yóò sì pàtẹ́wọ́ títí. Simon yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà pé ó máa ń dun òun nígbà náà, pé òun a máa rò ó nínú ara òun pé orin òun ni orin náà. Ọ̀kan jẹ́ olóhùn, èkejì jẹ́ olóhun, àwọn ènìyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún olóhùn. N kò fi Simon ṣe yẹ̀yẹ́ lórí èyí. Ohun tó rò kò yàtọ̀ sí ohun tí èmi àti ẹ̀yin ìbá rò. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé nínú àwo kan ṣoṣo, ọkùnrin kan náà ni ó mọ ìrora ẹni tí a kò kí fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí orúkọ ẹlòmíràn sì sọnù lábẹ́ tirẹ̀. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ìrora tara ẹni ni a tètè ń gbọ́. Ti ẹni tó wà lókèèrè, àfi kí a bèèrè.

N kò ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, nítorí pé èmi náà ti ṣe é. Nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, mo gbé ẹ̀rọ kàsẹ́ẹ̀tì lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Kétu láti gba orin àwọn àgbà sílẹ̀. Ìyá àgbà kan ń pa ẹ̀gúsí lójúde, ó sì ń kọrin jẹ́jẹ́. Ohùn orin náà wọ̀ mí lára. Mo gbà á sílẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì lọ. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ akọrin kékeré kan sílẹ̀, mo kọ́ wọn ní orin náà. Nínú ìwé pẹlẹbẹ tí a tẹ̀, mo kọ "Orin ìbílẹ̀ Kétu" sí abẹ́ rẹ̀, mo sì kọ orúkọ tèmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tò ó. Nítorí pé ó dùn, ibi ìgbéyàwó ni a ti máa ń kọ ọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, níbi ìgbéyàwó kan ní Àjàṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tọ̀ mí wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Orin ìyá wa àgbà ni ẹ kọ yẹn. Ìgbà tí orogún wọn kú ni wọ́n dá a, ẹni tó bá wọn tọ́ ọmọ nígbà tí àìsàn dá wọn gbálẹ̀. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?" Mo ní wọn kò sọ fún mi. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé n kò bèèrè. Mo wá wí pé mo rò pé orin ìbílẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ìbílẹ̀ kẹ̀? Ẹnìkan ló bí i, ẹ̀gbọ́n."

Orin ọ̀fọ̀ ni mo ti ń kọ níbi ìgbéyàwó. Mo bèèrè bí ìyá náà ti wà. Ó ní wọ́n ti wàjà ní ọdún tó kọjá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ náà, "ìbílẹ̀", pẹ̀lú ìfura. Ọ̀rọ̀ iyì ni, n kò sì ní kí a jù ú nù. Ṣùgbọ́n a máa ń fi í bo àìbèèrè wa mọ́lẹ̀. Àwa tí a ń bínú, tí a sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, pé àwọn àjèjì ń kó ère wa àti orin wa lọ láìdárúkọ wa, àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ìyá wa ní abúlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Kùtọnu wá lè jẹ́ àjèjì sí ìyá tó ń pa ẹ̀gúsí bí Simon ti jẹ́ sí Robles.

Kí ni ó wá yẹ kí a ṣe? Mo rí ojúṣe mẹ́ta, kò sì sí èyí tó ju agbára wa lọ. Èkínní ni kí a bèèrè: ta ni ó dá orin yìí, lọ́wọ́ ta ni ẹ ti kọ́ ọ, kí ni ó fà á? Èkejì ni kí a dárúkọ: nínú gbogbo ohun tí a bá gbà sílẹ̀ tàbí tí a bá tẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ fún wa, ìlú rẹ̀, ọdún rẹ̀ àti ìtàn tó bá ní. Bí a kò bá mọ ẹni tó dá a, kí a kọ orúkọ ẹni tí a gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí a pín: bí owó bá wọlé lórí rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kí apá kan padà síbi tí orin ti wá. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́ burú ju ọlọ́ṣà lọ. Ọlọ́ṣà kò kúkú jẹun lọ́wọ́ wa rí kó tó kó wa lẹ́rù.

A ti tún ìwé pẹlẹbẹ náà tẹ̀. Orúkọ ìyá náà ti wà lábẹ́ orin rẹ̀, ìdílé rẹ̀ sì ní kí a fi orúkọ orogún rẹ̀ sí i pẹ̀lú, nítorí pé òun ni ó fa orin náà. A kò kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó mọ́. Níbi ìsìnkú tí a bá ti ń kọ ọ́, a máa ń kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni a ó wá gbé orin. Títún un ṣe báyìí kò tó ìyá náà lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ jù fún un. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin tí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wà nínú àpò yín lónìí, tí àwọn ìyá yín sì ṣì wà lójúde, tí wọ́n ń kọrin. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn.